Bí A Kò Bá Rí Àdán: Ìrántí Ìsọ̀ Alùpùpù Kan ní Malu Road

Àwọn àgbà tí wọ́n wí pé bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, kò wí i kí ènìyàn lè máa fi ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó dí ihò tí ó bá ṣí sílẹ̀. Wọn kò ní kí á fi eku ṣe é, wọn kò ní kí á fi ẹyẹlé ṣe é. Òòbẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, nítorí pé òun àti àdán jọ ń fi awọ fò ni, wọ́n jọ ń dorí kodò sùn ni, òru sì ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe ọ̀sán. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n inú ìsọ̀ alùpùpù kan ní Malu Road, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti fi ẹ̀yìn kan ara wọn, ni mo ti mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dá ẹjọ́ kan ṣoṣo: páàtì wo ni ó yẹ kí ó wọ ara alùpùpù wo, kí sì ni ó mú un yẹ. Ẹjọ́ náà lè kéré létí ẹni tí kò gun alùpùpù rí. Ṣùgbọ́n mo ti bá a pàdé ní ìkọjá òkun pẹ̀lú, láàárín àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi alùpùpù àtijọ́ sáré nínú ẹrẹ̀, mo sì fẹ́ ro ohun tí mo rí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, nígbà tí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí i ṣì ń bẹ láyé.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ojú ọ̀nà Malu Road ni ó pín ayé méjì níyà. Lọ́wọ́ kan ni Àpápá wà, Àpápá elébùúté, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kọ́ ilé ìkẹ́rù sí, tí àwọn ọ̀gá wọn sì ń gbé inú ọgbà olódòdó; lọ́wọ́ kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà, Ajégúnlẹ̀ tí kì í kọ àlejò, níbi tí Ìlàjẹ, Ùróbò, Ìjọ́, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá ti ń gbé yàrá kojú yàrá, tí olúkúlùkù sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè ẹnìkejì rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté á ti máa gba ibẹ̀ kọjá, ẹlẹ́sẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn, oníkẹ̀kẹ́ ń wa kẹ̀kẹ́, alálùpùpù á sì máa ké sí wọn pé kí wọ́n yà fún òun. Nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, tí wọ́n san owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn di alálùpùpù láàárín oṣù kan sí èkejì. Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ru sìmẹ́ńtì tò sójú òkun Èkó, tí ẹrù mìíràn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn kò sì rí ọ̀nà gúnlẹ̀. Bí alùpùpù ti ń pọ̀ ní títì ni páàtì ń ṣọ̀wọ́n ní ọjà, àárín méjèèjì yìí sì ni iṣẹ́ ọ̀gá mi wà.

Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá mi, ọmọ Alárè, ẹni gíga tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tí ojú rẹ̀ sì mú. Ayé òyìnbó ni ó ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé BSA tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham ni àwọn akọ̀wé àgbà àti àwọn tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń gùn. Ojú rẹ̀ ni àwọn ará Jàpáànì fi dé, tí Honda 50 kékeré gba ìgboro, tí Honda CD 175, Suzuki A100 àti àwọn Yamaha sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn òbí mi fà mí lé e lọ́wọ́, mo rò pé sípánà ni yóò kọ́kọ́ kó fún mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì àti àkísà ni ó kó fún mi, ó ní kí n máa fọ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n bá tú sílẹ̀, kí n tò wọ́n sórí àpò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jáde, kí n sì máa dárúkọ wọn. Bí mo bá tò wọ́n tán, á gbé ọ̀kan sókè, á bi mí pé, “Ọmọ ta ni?” Bí mo bá ní, “Ọmọ Honda CD 175 ni, ọ̀gá,” á tún bi mí pé, “Ọmọ ọdún wo?” Ìdílé àti ọdún ìbí ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa kí ó tó kọ́ wa ní títú àti dídè, nítorí ó gbà pé ẹni tí kò mọ ìran páàtì kò lè mọ ibi tí yóò sùn. Ó tilẹ̀ ní oríkì tí ó máa ń kì wọ́n bí inú rẹ̀ bá dùn. Písítìnì ni ó ń pè ní Agúnmásinmi, abánájà-nílé-irin, séènì ni ó sì ń pè ní Afàmọ́lẹ́yìn-má-bẹ̀bẹ̀.

Irú páàtì mẹ́ta ni ó ń wọ ìsọ̀ wa. Èkíní ni ojúlówó, tí ó ń bọ̀ nínú páálí tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe alùpùpù náà lára. Èkejì ni Táíwàn, tí àwọn oníṣòwò Nnewi, àwọn tí wọ́n mọ tinú-tòde òwò yìí, ń lọ ní kí wọ́n bá wọn rọ ní ilẹ̀ Táíwàn. Èyí tí ó dára nínú rẹ̀ dára púpọ̀, èyí tí kò sì dára kò ní pẹ́ tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bẹ́líjọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n tú lára alùpùpù àlòkù ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ó gba orí omi dé Àpápá. Òfin ìjọba kò bìkítà fún púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí: nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ḿbà ṣásí nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé alùpùpù, bí méjèèjì bá ti bá ìwé mu, ọlọ́pàá á ní kí o máa lọ. Gbogbo ohun tí ó kù, láti pulọ́ọ̀gì títí dé ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ ẹ̀rí-ọkàn mẹkáníìkì ni wọ́n fi í lé.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu lára ọ̀gá mi ni pé kì í fi ibi tí páàtì ti wá dá a lẹ́jọ́. Mo rí i tí ó kọ ojúlówó, tí ó gba Táíwàn, tí oníbàárà sì bínú lọ. Ìdí rẹ̀ kò yé mi dáadáa títí mo fi bá a lọ sórí iyanrìn.

Iyanrìn ni wọ́n ń dà sórí ẹrẹ̀ nígbà náà ní oríṣiríṣi ibi létí omi, kí ilẹ̀ lè le fún iṣẹ́ èbúté, bí ó bá sì di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa á gbé alùpùpù wọn lọ síbẹ̀ láti bá ara wọn sáré. Eré lásán ni. Kò sí ife-ẹ̀yẹ, ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń ta. Ṣùgbọ́n níbi tí ìje bá wà, àríyànjiyàn kò ní jìnnà, ọ̀gá mi ni wọ́n sì fi ṣe adájọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo alùpùpù wọn ti ń gba ìlera. Kí ẹnikẹ́ni tó sáré, á yí alùpùpù náà po, á bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ìbéèrè kìn-ín-ní: ǹjẹ́ irú páàtì yìí ti wà láyé nígbà tí wọ́n ṣe alùpùpù yìí? Ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ iṣẹ́ tí èyí tí ó kúrò níbẹ̀ ń ṣe ni ó ń ṣe, ní ọ̀nà kan náà tí ó ń gbà ṣe é? Ìbéèrè kẹta: bí ó bá wà lára rẹ̀, ǹjẹ́ alùpùpù yìí kò ní lè ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe?

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté gbé CD 175 rẹ̀ wá, ó ti yọ fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀, ó sì ti fi ti Honda mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ sí i, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́ọ̀kì náà gùn, ó ń rì, ó sì ń rú sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ihò tí ń gbé àwọn yòókù ṣubú kò fi jẹ́ nǹkankan fún un. Ọ̀gá mi ní kò ní bá wọn sáré. “Ọ̀gá,” ni ọmọkùnrin náà wí, “Honda ni wọ́n, ojúlówó sì ni. Ẹ wo orúkọ lára rẹ̀.” Ọ̀gá mi kò gbóhùn sókè. Ó ní, “Mo rí orúkọ. Ọmọ baba kan ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ní ìlú tèmi, ọdún tí a bí ọ ni a fi ń mọ ẹgbẹ́ rẹ. Aṣọ tí o dá sọ́rùn kò lè sọ ọ́ di ẹgbẹ́ àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ.” Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ wá, ṣọ́ọ̀kì Táíwàn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tuntun tí ń dán, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò ju ti àtijọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì rẹ̀ kò rọ̀ jù ú lọ. Ọ̀gá mi ní kí ó wọlé. Àwọn ènìyàn kùn, wọ́n ní báwo ni a ṣe lé ojúlówó tí a sì gba àfarawé. Nígbà náà ni ó pa òwe àdán àti òòbẹ̀ fún wọn, tí ó sì ní kí wọ́n lọ rò ó dáadáa: ẹbọ kò béèrè pé kí ẹran wá láti inú igbó kan náà, ohun tí ó béèrè ni pé kí ó jẹ́ irú kan náà. Páàtì tí a rọ lánàá lè jẹ́ ti àtijọ́, bí iṣẹ́ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ kò bá ju ti àtijọ́ lọ.

Ìlànà yìí di ohun tí à ń jẹun nídìí rẹ̀ nígbà tí nǹkan le. Ní 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà láti máa ṣe alùpùpù ní ilẹ̀ wa, CG 125 sì ti ń gbayì, alùpùpù tí àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fún ní ẹ́ńjìnnì tí ó lè fara da àìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 1982 ni ìjọba Shagari dín ọjà tí ń wọlé láti òkèèrè kù, nígbà tí ó sì di 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, owó tí ń ra odindi alùpùpù nígbà Údójì kò ra kàbúrétọ̀ mọ́. Ìgbà náà ni a ń gbé irin lọ sọ́dọ̀ àwọn tọ́nà kí wọ́n bá wa gbẹ́ búùṣì, tí à ń wá písítìnì Suzuki tí yóò wọ sílíńdà Yamaha, tí à ń fi rọ́bà táyà gé gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì dá alùpùpù rú nígbà náà, tí ó fi di pé àwọn alùpùpù náà kò ní baba, wọn kò ní ìyá. Àwọn tí ó jáde láti ìsọ̀ wa ṣì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n bí wọn sí, nítorí pé ní ọjọ́ tí àìní pọ̀ jù lọ náà ni ọ̀gá mi ṣì ń béèrè ìbéèrè rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá àwọn ẹbí mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì mú mi lọ sí pápá oko kan níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń fi alùpùpù ayé ọjọ́un sáré lórí òkè àti nínú ẹrẹ̀. Camberley ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ sá irú eré yìí ní 1924. Scramble ni wọ́n ń pè é kí orúkọ motocross tó gbòde. Ní 1957 ni ó di ìdíje àgbáyé, ní 1964 àti 1965 sì ni Jeff Smith fi BSA gba adé rẹ̀ léraléra, BSA tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí àwọn tí ọ̀gá mi fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí ó bí òfin páàtì láàárín wọn ni ìyípadà tí ó dé bá eré náà ní àwọn ọdún 1970. Títí di ìgbà náà, táyà ẹ̀yìn alùpùpù eré kì í rìn sókè-sódò ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n ní 1973, Håkan Andersson ará Swídìn fi Yamaha kan gba adé 250 cc, èyí tí ó jẹ́ ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ táǹkì ni ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, ọgbọ́n tí Lucien Tilkens, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Bẹ́líjọ́ọ̀mù, gbé kalẹ̀. Kí ó tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, táyà ti ń rìn tó íǹṣì méjìlá. Omi ti ń tu ẹ́ńjìnnì nínú, bíréèkì dísìkì sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó gun èyí tí wọ́n ṣe ní 1970 kò lè bá èyí tí wọ́n ṣe ní 1981 fò ihò kan náà kí egungun rẹ̀ má bèèrè ohun tí òun ṣe.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe pín wọn ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1965 ní ẹgbẹ́ tiwọn. Àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀kì méjì lẹ́yìn, tí atẹ́gùn ń tu ẹ́ńjìnnì wọn, tí bíréèkì wọn sì jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù, ní tiwọn. Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Evo, tí ó fàyè gba ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, bí kò bá ti sí oríkèé irin láàárín ṣọ́ọ̀kì náà àti apá tí ó di táyà ẹ̀yìn mú. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ AHRMA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986 fi 1974 ṣe òpin fún ẹgbẹ́ àtijọ́ wọn, wọ́n sì ní táyà iwájú kò gbọ́dọ̀ rìn ju íǹṣì méje lọ, kí ti ẹ̀yìn má ju mẹ́rin lọ. Wọn kò béèrè pé kí gbogbo páàtì jẹ́ èyí tí wọ́n rọ ní ìgbà náà gan-an, nítorí táyà ń jẹ, séènì ń fà, irin àtijọ́ sì ń tán nílé ayé. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó wà nígbà náà. Nígbà tí mo rí àgbàlagbà tí ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, tí ó fi rúlà wọn ìrìn táyà, tí ó ń béèrè ọdún tí wọ́n ṣe fọ́ọ̀kì, mo mọ ohun tí ó kàn kí ó tó la ẹnu.

Ẹjọ́ tí ó le jù láàárín wọn ni ti fọ́ọ̀kì tí òde rẹ̀ jẹ́ ti 1964 ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ọgbọ́n ayé ìsinsìnyí kún inú rẹ̀, àti ti họ́ọ̀bù tí wọ́n fi irin fífúyẹ́ gbẹ́ ní àwòrán ti àtijọ́. Ojú kò rí nǹkankan. Aago ni ó ń rí i, nígbà tí ẹni náà bá ti fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn kan ní bí ó bá ti jọ ti àtijọ́ ó tó, àwọn mìíràn ní kí a lé gbogbo ohun tí wọn kò rọ ṣáájú 1965. Èmi kò gbà pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó fi ojú nìkan ṣe òṣùwọ̀n ti la ọ̀nà fún olówó, nítorí òun ni ó lè sanwó fún ohun tí ojú kò rí. Ẹni tí ó sì ń béèrè irin àtijọ́ pọ́nbélé ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ tálákà, nítorí pé irin àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù ti di ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà, ó sì lè dá mọ́ ẹni tí ó gùn ún nídìí. Ìbéèrè kẹta ọ̀gá mi ni òṣùwọ̀n tòótọ́, ìyẹn ohun tí páàtì náà mú kí alùpùpù lè ṣe. Nítorí kí ni a ṣe ń ṣòfin eré? Kí ó lè jẹ́ pé ọgbọ́n ọwọ́ àti ìgboyà ni yóò pín wọn níyà ni, kí ọmọ onípárá lè bá ọmọ onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró ní ìlà kan kí ó sì mọ̀ pé ohun tí òun bá jẹ, tòun ni.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Alùpùpù àtijọ́ ni ó ní àkísà, àkísà náà sì ni ìtàn wa. Nígbà tí ó yá, ọ̀kadà, alùpùpù akérò tí ó gba orúkọ lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, kún Malu Road, Jincheng tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ní àwòṣe Suzuki AX100 dé, Bajaj sì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Àpápá wà lára wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún alùpùpù ni wọ́n fi ẹ̀rọ rún wómúwómú ní ọdún náà. N kò wá bá ìjọba ṣe àríyànjiyàn òfin ìrìnnà, mo mọ ẹ̀mí tí ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ àwọn mẹkáníìkì tí ó kù láàárín Boundary ní Ajégúnlẹ̀ àti èbúté, àwọn tí wọ́n ṣì lè fi ọwọ́ mọ fọ́ọ̀kì CD 175 nínú òkùnkùn, tí wọ́n mọ èwo nínú páàtì Jincheng ni òòbẹ̀ fún AX100 tí ó ti darúgbó, èwo ni eku lásán: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ alùpùpù, kí wọ́n kọ ọdún rẹ̀, kí wọ́n kọ páàtì tí ó lè rọ́pò páàtì àti èyí tí kò lè rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sí i, nítorí òfin tí kò ní ìdí kì í pẹ́ kí ó tó di ìjà. Àwọn òyìnbó ti kọ tiwọn, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Tiwa kò kéré sí tiwọn lọ́gbọ́n. Orí àpò, níwájú agolo kẹrosíìnì, ni wọ́n ti kọ́ wa, ìwé ni ó kù.